Egungun Inú Aṣálẹ̀ àti Ọjọ́ Mẹ́fà Ìṣẹ̀dá

Ní ìlú Niamey, kò jìnnà sí Odò Ọya, ni ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè Niger wà. Oṣù Kejìlá ọdún 1959 ni a ṣí i, nígbà tí ó ku oṣù díẹ̀ kí ilẹ̀ náà gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé. Boubou Hama, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ilé náà lónìí, jẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kí ó tó di òpìtàn àti olórí ilé aṣòfin. Oríṣiríṣi nǹkan ni ó wà nínú ọgbà náà: ẹranko ààyè wà níbẹ̀, ahunṣọ àti alágbẹ̀dẹ fàdákà ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ wọn lójú àlejò. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, ohun tí ó lè dá ìbéèrè sílẹ̀ jù ni egungun ẹranko ayé àtijọ́ kan tí a tò jọ bí ẹni pé ó fẹ́ rìn. Ouranosaurus ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é, ọ̀kan nínú àwọn ẹranko ńláńlá tí gbogbo ayé mọ̀ sí dáínósọ̀. Wọ́n ní ó ti ju 100 mílíọ̀nù ọdún lọ tí ó ti kú.

Ìbéèrè náà kò ṣòro láti béèrè. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́fà ni Ọlọ́run fi dá ọ̀run òun ayé, bí ayé kò bá sì tíì ju nǹkan bí 6000 ọdún lọ gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ni nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà wo ni ẹranko yìí wá gbé ayé? Ọmọ tí ó bi olùkọ́ rẹ̀ ní èyí kì í ṣe aláìgbàgbọ́. Ó kàn mọ ìṣirò ni. Bí olùkọ́ bá ní kí ó pa ẹnu mọ́, yóò pa ẹnu mọ́, ṣùgbọ́n kò ní pa ọkàn rẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà lọ ni yóò ti ní ìwé méjì, ọ̀kan fún ọjọ́ ìsinmi, èkejì fún ìdánwò, bó pẹ́ bó yá yóò sì sọ ọ̀kan nínú wọn nù. Àdánù ni, èyíkéyìí tí ó bá sọ nù. Ní Niger, níbi tí Mùsùlùmí ti pọ̀ ju Kírísítẹ́nì lọ fíìfíì, ọ̀rọ̀ náà kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, nítorí pé Kùránì pẹ̀lú sọ ti ìṣẹ̀dá ọjọ́ mẹ́fà.

Ó ti pẹ́ tí ọmọ Áfíríkà ti ń bi olùkọ́ rẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ní Natal, ní ìhà gúúsù Áfíríkà, John William Colenso, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà, ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè Súlù pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀ náà kan tí ń jẹ́ William Ngidi. Nígbà tí wọ́n dé orí ìtàn ìkún-omi Nóà, Ngidi fẹ́ mọ̀ bóyá bíṣọ́ọ̀bù gbà ní tòótọ́ pé gbogbo ẹranko ayé ni ó wọ inú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Onímọ̀ ìṣirò ni Colenso, ó ti kọ ìwé ìṣirò fún ilé-ẹ̀kọ́ rí, ó sì rí i pé òun kò lè fi orúkọ Ọlọ́run dáhùn ohun tí òun kò gbà. Ní 1862 ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé jáde, nínú èyí tí ó gbé àwọn iye inú ìwé Mósè márààrún lé orí òṣùwọ̀n. Ní 1863 àwọn bíṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ rẹ̀ dá a lẹ́bi ní Cape Town, wọ́n sì ní kí ó fi ipò sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ́nù gbè é lẹ́yìn ní 1865, ṣùgbọ́n nígbà náà ìjọ Natal ti ń pín sí méjì. Inú ìbéèrè ẹnì kan tí ń ṣe ògbufọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀.

Ti Niger yàtọ̀ sí ti Natal nínú ohun kan: ní Niger, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń béèrè. Kí ọ̀mọ̀wé kankan tó gbọ́ nípa egungun wọ̀nyí ni àwọn Túárẹ́gì tí ń da ràkúnmí ní àgbègbè Agadez ti mọ̀ wọ́n. Wọ́n rí àwọn egungun ńláńlá tí òjò àti afẹ́fẹ́ ti hú jáde nítòsí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Tiguidi, wọ́n sì ní ti ẹranko inú ìtàn wọn kan, Jobar, ni. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún wá irú egungun bẹ́ẹ̀ kiri aṣálẹ̀ Sàhárà, àlùfáà ìjọ Àgùdà ni. Albert-Félix de Lapparent ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní 1905, ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà Sulpice, ó sì ń kọ́ni ní ìmọ̀ ilẹ̀ àti àpáta ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti àwọn Àgùdà ní Paris. Láàrin 1946 sí 1959 ó lọ sí Sàhárà léraléra, ó sì dé àwọn pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìhà ìwọ̀-oòrùn Agadez. Ní 1960 ó tẹ iṣẹ́ ńlá kan jáde lórí dáínósọ̀ àárín Sàhárà, ó sì fún àwọn ẹranko tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ rí ní orúkọ. Ọ̀kan nínú wọn ni ó fi ilẹ̀ Tamesna pè. Ẹni tí ó yẹ kí a bẹ̀rù pé egungun yóò ba ìgbàgbọ́ rẹ̀ jẹ́ ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa egungun náà. Iṣẹ́ àlùfáà ni ó sì ń ṣe títí ó fi kú ní 1975.

Àwọn tí ó tẹ̀lé e kò wá egungun wá rárá. Uranium ni wọ́n ń wá. Ní 1964 àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ agbára átọ́ọ̀mù Faransé rán wá rí odindi agbárí ọ̀nì kan ní Gadoufaoua, ibi tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Túárẹ́gì túmọ̀ sí ibi tí ràkúnmí ń bẹ̀rù láti dé. Ní 1966 France de Broin àti Philippe Taquet fún un ní orúkọ Sarcosuchus imperator. Àwọn kan ti fojú bù ú pé ó gùn tó mítà 11 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ọ̀nì Odò Ọya méjì tí a so pọ̀ ní orí àti ìrù. Ibẹ̀ náà ni Taquet ti rí Ouranosaurus tí ó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1976. Lẹ́yìn èyí ni Paul Sereno dé láti Chicago pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, tí wọ́n fún Nigersaurus, ẹlẹ́yín tí ó ju 500 lọ, ní orúkọ ní 1999.

Ibo ni 6000 ọdún náà ti wá? Kò sí ibi kan nínú Bíbélì tí a kọ ọ́ sí. James Ussher, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú Armagh ní Áílándì, ni ó ṣe ìṣirò tí ó tàn káàkiri jù. Ó ka iye ọdún tí baba kọ̀ọ̀kan fi wà kí ó tó bí ọmọ, láti orí Ádámù sọ̀ kalẹ̀, ó so ó mọ́ ìtàn àwọn ọba Bábílónì àti Páṣíà, ó sì kọ́ ọ sínú ìwé kan ní 1650 pé ọdún 4004 ṣáájú ìbí Jésù ni ayé bẹ̀rẹ̀, nínú oṣù Kẹwàá. Iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé gidi ni fún ìgbà tirẹ̀, kò yẹ kí a fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ó dá wàhálà sílẹ̀ ni pé láti 1701 ni àwọn òǹtẹ̀wé ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ọdún náà sí etí ojú ewé Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó bá wà létí ojú ewé Ìwé Mímọ́ kì í pẹ́ di mímọ́ lójú ẹni tí ń kà á.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Ussher nìkan ni ó kà. Àwọn Júù ka tiwọn, wọ́n ní 3761 ṣáájú ìbí Jésù. Ìjọ àwọn Gíríìkì ní Konstantinópù ka tiwọn, wọ́n ní 5509. Àti ti Júù àti ti Gíríìkì, inú ìwé Jẹ́nẹ́sísì kan náà ni wọ́n ti kà á, ìyàtọ̀ àárín wọn sì ju 1700 ọdún lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé iye tí ó wà nínú Bíbélì èdè Hébérù kò bá ti inú Bíbélì èdè Gíríìkì mu: ní ti Hébérù, ẹni 130 ọdún ni Ádámù nígbà tí ó bí Sẹ́tì, ní ti Gíríìkì, ẹni 230 ọdún ni. Kí sáyẹ́ǹsì tó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, làákàyè nìkan ti tó láti fi hàn pé ìwé tí ó ń fún àwọn tí ń kà á ní iye mẹ́ta kì í ṣe ìwé tí a kọ nítorí iye.

Ibi tí ìṣirò Ussher ti kọsẹ̀ gan-an, kì í ṣe lọ́dọ̀ dáínósọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ mílíọ̀nù ọdún jìnnà sí ọkàn ènìyàn. Lọ́dọ̀ ibojì ni. Ní ọdún 2000, nígbà tí àwọn ènìyàn Sereno ń wá egungun ẹranko kiri aṣálẹ̀ Ténéré, wọ́n já sí ibì kan tí a ń pè ní Gobero, egungun ènìyàn ni wọ́n sì bá níbẹ̀. Ibojì tí wọ́n kà tó nǹkan bí 200, àbájáde iṣẹ́ náà sì jáde ní 2008. Adágún omi ni ibẹ̀ nígbà kan, nígbà tí òjò ń rọ̀ ní Sàhárà. Àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ̀dó sí etí rẹ̀, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní Kiffian, gbé ibẹ̀ láti nǹkan bí 7700 sí 6200 ṣáájú ìbí Jésù. Ènìyàn gíga ni wọ́n, àwọn mìíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì, wọ́n sì ń fi ọ̀kọ̀ tí wọ́n gbẹ́ lára egungun pa ẹja ńláńlá. Lẹ́yìn náà ọ̀dá dé, adágún gbẹ, ibẹ̀ sì dahoro fún nǹkan bí 1000 ọdún. Òjò tún padà, àwọn ẹlòmíràn tí a ń pè ní Tenerian sì tẹ̀dó síbẹ̀ láti nǹkan bí 5200 sí 2500. Ọmọdébìnrin kan wà nínú wọn tí wọ́n sin tòun ti ẹ̀gbà apá tí a fi eyín erinmi gbẹ́. Obìnrin kan wà tí a tẹ́ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí ọmọ kékeré méjì sì dojú kọ ọ́, tí wọ́n na apá sí ara wọn. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó tí a rí lábẹ́ wọn mú kí àwọn ọ̀mọ̀wé rò pé orí òdòdó ni a tẹ́ wọn sí.

Kí ẹni tí ó gba 4004 gbọ́ wo ọdún wọ̀nyí dáadáa. Àwọn Kiffian ti wá, wọ́n ti sin òkú wọn, wọ́n sì ti kọjá lọ ní ẹgbàá ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú ọjọ́ tí Ussher ní a dá ìmọ́lẹ̀. Àwọn Tenerian ní tiwọn, àárín ayé wọn ni ọjọ́ náà bọ́ sí, kò sì sí ohun tí ó fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá ayé.

Àwọn kan yóò ní ìkún-omi Nóà ni ó gbé ẹja àti ọ̀nì dé aṣálẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò, kì í ṣe ní fífi rẹ́rìn-ín. Ìkún-omi tí ó bá pa gbogbo ayé rẹ́ láàrin ọdún kan kì í fún ni láyè láti gbẹ́ ibojì. Àwọn ará Gobero fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ sin òkú wọn ní etí omi, ilẹ̀ gbẹ pẹ̀lú, omi tún dé, àwọn mìíràn tún sin tiwọn sí ibì kan náà pẹ̀lú àṣà mìíràn. Ọ̀nì ńlá Gadoufaoua sì wà nínú àpáta tí ó ti pẹ́ kọjá ohun tí a lè fi wé ti Gobero. Kò sí egungun ènìyàn kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ omi kan náà ni ó kó gbogbo wọn, ì bá ti dà wọ́n pọ̀.

A tún lè béèrè bí a ti ṣe ń mọ ọdún egungun. Ohun alààyè gbogbo ní irú kábọ́ọ̀nù kan nínú ara, tí kì í dúró ṣinṣin. Nígbà tí ẹ̀mí bá bọ́, ó dà bí fìtílà tí a kò bu epo sí mọ́: lẹ́yìn nǹkan bí 5730 ọdún, ìdajì kábọ́ọ̀nù náà ti lọ, lẹ́yìn 5730 mìíràn, ìdajì èyí tí ó kù. Òun ni a fi mọ ọdún ibojì Gobero. Kò wúlò fún dáínósọ̀, nítorí lẹ́yìn nǹkan bí 50,000 ọdún epo náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Fún àpáta ayé àtijọ́ ohun mìíràn ni a ń lò, pàápàá uranium, tí ń yí padà di òjé díẹ̀díẹ̀. Irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù ń gba nǹkan bí 4.5 bílíọ̀nù ọdún kí ìdajì rẹ̀ tó yí tán. Ní 1956 Clair Patterson, ọmọ Amẹ́ríkà, fi òjé inú àwọn òkúta tí ó já láti ojú ọ̀run ṣírò ọjọ́ orí ayé, ó sì rí 4.55 bílíọ̀nù ọdún. Ó dùn mọ́ni pé ohun tí àwọn Faransé ń wá ní ilẹ̀ Niger nítorí agbára ni ó tún jẹ́ aago tí a fi ń ka ọjọ́ orí ayé.

Kí ni a óò wá ṣe sí Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní? Oríṣiríṣi àtúnṣe ni a ti dá lábàá. Ní 1857 Philip Gosse, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Ọlọ́run dá ayé pẹ̀lú egungun inú rẹ̀, bí ẹni pé ó ti pẹ́. Kò sí ẹni tí ó lè fi ẹ̀rí ko èyí lójú, ṣùgbọ́n ó sọ Ọlọ́run di ẹni tí ń ṣe ayédèrú, onígbàgbọ́ kankan kò sì yẹ kí ó gbà á. Àwọn mìíràn ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan dúró fún sànmánì gígùn. Àbá yìí fani mọ́ra, ọ̀pọ̀ oníwàásù sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró bí a bá tẹ̀lé e dé òpin. Ọjọ́ kẹta ni koríko àti igi eléso hù, ọjọ́ kẹrin ni oòrùn dé. Bí ọjọ́ bá jẹ́ mílíọ̀nù ọdún, igi wo ni yóò dúró pẹ́ bẹ́ẹ̀ láìsí oòrùn? Ẹyẹ dé ní ọjọ́ karùn-ún, ẹran ilẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà, bẹ́ẹ̀ inú àpáta ni a ti rí i pé ẹran ilẹ̀ ṣáájú ẹyẹ. Ẹni tí ó na ọjọ́ kí ó lè bá sáyẹ́ǹsì mu yóò rí i pé òun ti ba Ìwé Mímọ́ àti sáyẹ́ǹsì jẹ́ pọ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé Jẹ́nẹ́sísì fúnra rẹ̀ kò fi èyí pamọ́. Ìmọ́lẹ̀ wà ní ọjọ́ kìíní, oòrùn kò sí títí di ọjọ́ kẹrin, bẹ́ẹ̀ a ti ń ka alẹ́ àti òwúrọ̀. Nínú orí kìíní, ẹranko ṣáájú ènìyàn. Nínú orí kejì, ọkùnrin ni a kọ́kọ́ mọ, kí a tó mú ẹranko wá síwájú rẹ̀. Àwọn tí ó fi orí méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kì í ṣe afọ́jú. Augustine, ọmọ Áfíríkà tí a bí ní Thagaste, ní ilẹ̀ tí í ṣe Algeria lónìí, tí ó sì jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Hippo títí ó fi kú ní 430, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ìwé lórí orí wọ̀nyí. Ó gbà pé ọjọ́ ìṣẹ̀dá kò rí bí ọjọ́ tiwa. Ó rò pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni Ọlọ́run dá ohun gbogbo, tí àwọn kan sì wà bí irúgbìn tí yóò hù ní àkókò rẹ̀. Ó sì kìlọ̀ fún Kírísítẹ́nì pé bí wọ́n bá ń fi Ìwé Mímọ́ sọ òmùgọ̀ ọ̀rọ̀ nípa ọ̀run àti ilẹ̀ lójú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, àwọn wọ̀nyí kò ní gbà wọ́n gbọ́ nípa àjíǹde. Darwin kò tíì sí láyé nígbà náà, dáínósọ̀ kò sì tíì ní orúkọ. Kò sí ẹni tí ó ń fi sáyẹ́ǹsì halẹ̀ mọ́ Augustine.

Nígbà tí George Smith tẹ ìtàn ìṣẹ̀dá àwọn ará Bábílónì jáde ní 1876, láti ara wàláà amọ̀ tí a wà jáde ní Nínéfè, ó wá hàn gbangba ohun tí Jẹ́nẹ́sísì ń bá jà. Ilẹ̀ tí a ń bọ oòrùn àti òṣùpá ni a kọ orí yìí sí, ó sì sọ wọ́n di fìtílà lásán, kò tilẹ̀ dá orúkọ wọn. Ńlá àti kékeré ni ó pè wọ́n. Yorùbá náà mọ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Àgbà tí ń sọ ìtàn adìyẹ tí ó tan iyẹ̀pẹ̀ ká ní Ifẹ̀ kò retí kí ẹnikẹ́ni bi òun ní bí iyẹ̀pẹ̀ náà ti wọ̀n tó. Ó ń sọ ẹni tí ó ni ilẹ̀, àti ibi tí oyè ti ṣẹ̀. Ẹni tí ó ń wọn iyẹ̀pẹ̀ kò gbọ́ ìtàn náà.

Kì í ṣe pé gbogbo ìṣòro ti tán. Ní 1909 ìgbìmọ̀ Bíbélì ti Póòpù gbà pé a lè ka ọjọ́ náà sí àkókò kan tí a kò mọ gígùn rẹ̀. Ní 1950 Póòpù Pius Kejìlá gbà kí àwọn ọ̀mọ̀wé wádìí bóyá ara ènìyàn ti inú ẹ̀dá mìíràn wá, ṣùgbọ́n kò fún wọn láyè láti sọ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn, kì í ṣe Ádámù kan, ni baba wa. Ní 1996 John Paul Kejì sọ pé ẹ̀kọ́ ìyípadà ẹ̀dá ti kọjá àbá lásán. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ Ádámù ṣì le, nítorí orí rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ Pọ́ọ̀lù nípa ẹ̀ṣẹ̀ àti ikú dúró lé, ikú sì ti wà nínú àpáta Gadoufaoua tipẹ́tipẹ́ kí ènìyàn tó dé. Ọ̀pọ̀ ìjọ kò tilẹ̀ gbà dé ibi tí àwọn Póòpù dé. Olùkọ́ tí ó bá sọ fún ọmọ pé ọ̀rọ̀ náà ti yanjú pátápátá kò ṣe òótọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ní kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ rárá kò ti ṣe òótọ́.

Sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú máa ń tún ìṣirò tirẹ̀ ṣe. Ní 1999 Sereno àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún egungun Tiguidi ní orúkọ Jobaria, láti fi bu ọlá fún Jobar àwọn Túárẹ́gì, wọ́n sì fi ọjọ́ orí rẹ̀ sí nǹkan bí 135 mílíọ̀nù ọdún. Ní 2009 àwọn ẹlòmíràn yẹ àpáta àti egungun inú rẹ̀ wò, wọ́n ní ó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì kọjá 160 mílíọ̀nù. Ẹnikẹ́ni kò lé wọn kúrò níbi iṣẹ́ nítorí èyí. Púpọ̀ nínú àwọn egungun tí àlùfáà de Lapparent ti fi orúkọ Tamesna pè ní 1960 ni a rí pé Jobaria ni. Ṣùgbọ́n orúkọ àlùfáà náà kò parẹ́: ní 1986 José Bonaparte, ọmọ Ajẹntínà, mú dáínósọ̀ kan láti erékùṣù Madagásíkà, ó sì pè é ní Lapparentosaurus.